Ọdún 2024: mo lọ sí Ṣómólú, mo pa dà sí Mọ́kọ́lá

Mo pé ọmọ ọdún 41 lọ́dún yìí. Góòlù mẹ́ta péré ni mo gbá wọlé ní pápá wa láàárọ̀ Sátidé láti January, pẹ́náríìtì sì ni ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ńbà 9 ni mo máa ń wọ̀. Bí mo bá ti gbá a wọlé, mo gbọ́dọ̀ sáré lọ di àwọ̀n mú, kí n máa mì ín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé pápá wa kò ní àwọ̀n, òkúta méjì là ń gbé kalẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ lásán ni mò ń dì mú. Àwọn ọmọ tí a jọ ń gbá a máa ń rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí Nàìjíríà pàdé Bulgaria ní Dallas, 21 June 1994. Òru ni lọ́dọ̀ wa, ilé aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ la kóra jọ sí. Finidi sá bọ́ọ̀lù gba apá ọ̀tún, ó fi ránṣẹ́ sáàárín, Ràṣídì Yẹkínì tì í wọlé, ó bá a lọ sínú àwọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú ihò àwọ̀n jáde, ó ń sunkún, ó ń pariwo. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Ife Àgbáyé nìyẹn. Amokachi àti Amunike fi méjì kún un.

Lọ́jọ́ tí góòlù yẹn pé ọgbọ̀n ọdún, orí ẹní ni mo wà ní Ṣómólú, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sùn, mò ń wò ó lórí fóònù. Mo wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ohun tí mi ò kíyè sí láti kékeré ni mo rí lóru yẹn: Finidi ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Ràṣídì kàn wà níbi tó yẹ kó wà ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi dé Ṣómólú. Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ìdí Kord, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ni mo wà. Ní February, àwọn kan l'Ékòó ní àwọn yóò san ìlọ́po méjì owó oṣù mi. Mo dágbére. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ ti wà nídìí ẹ̀rọ, kí n ṣì máa bá wọn gé ìwé ná. "Ná" yẹn di oṣù méje. Owó oṣù méjì ṣì wà lọ́rùn wọn di òní.

Ibẹ̀ ni mo ti ń ka ìrìn àjò Ràṣídì láti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan dé òmíràn lálaalẹ́. UNTL ní Kàdúná, Shooting Stars n'Íbàdàn, Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, Africa Sports ní Abidjan, kó tó wọ Vitória Setúbal ní Potogí ní 1990. Setúbal kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá bíi Benfica o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wà tó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè Agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní 1993. Ní sáà 1993/94, góòlù 21 ló gbá wọlé, kò sẹ́ni tó gbá tó o ní líìgì wọn. Lẹ́yìn Dallas, ó lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì. Kò wọ̀. Ó lọ sí Gijón ní Sípéènì. Kò wọ̀. Ní 1997, ó pa dà sí Setúbal.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Ṣómólú ni mo ti ń rò pé ọwọ́ mi ló bàjẹ́. Sítíráíkà tí wọn ò gbá bọ́ọ̀lù sí, kí ni yóò gbá wọlé?

(Setúbal ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn gan-an kò pẹ́. Zürich ní Switzerland ló ti tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi bá Nàìjíríà dé Ife Àgbáyé ní Faransé ní 1998. Ó ṣì dé Tùníṣíà àti Saudi, ó tún pa dà sí Abidjan, kó tó wálé sí ẹgbẹ́ Julius Berger. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà, títí ọdún 2024 fi parí, kò sẹ́ni tó kọjá a.)

Ní September, mo kó ẹrù mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá, mo ti múra de èébú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ nìyí? Lọ bá Kord, inú ń bí i sí gbogbo wa." Lóòótọ́, íǹkì ti gbẹ mọ́ rólà rẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi fọ̀ ọ́. Láti October, kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, kí n tó na ọwọ́, ọmọ tó ń ṣe pílétì ìtẹ̀wé ti gbé e dé ẹ̀gbẹ́ mi.

Orúnkún òsì ń dùn mí. Ìyàwó mi ní kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwọn ọmọ pápá ní kí n lọ máa ṣọ́lé. Mo ní ẹni ọdún 41 ni Ràṣídì nígbà tó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún Gateway l'Ábẹ́òkúta ní 2005. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé góòlù mélòó ló gbá wọlé níbẹ̀. Mo ní ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo yọ díẹ̀ nínú owó ọdún tí ọ̀gá fún mi, mo fi ra àwọ̀n apẹja. A ti ri igi méjì sójú òkúta, a fi ẹ̀kẹta dábùú wọn lókè. Sátidé àkọ́kọ́ ọdún tuntun la ó ta á. Mo ti sọ fún ọmọ mẹkáníìkì tó máa ń gbá apá ọ̀tún pé kó máa gbójú sókè wá mi.