Ibi tí ìka ti ń dùn yín ni kẹ́ ẹ bi léèrè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kròṣé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú píìnì kròṣé lọ́wọ́ nílùú Abẹ́òkúta yìí, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò sọ fún yín pé ìka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dùn kí ọwọ́ tó mọ́ iṣẹ́, pé bí awọ ibẹ̀ bá ti yi tán, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ má sì gbà á. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ níṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ẹni tí ìka dídùn sọ di ọ̀gá. Ojú ibi tó ti ń dùn ló máa ń sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe tí kò yẹ kó ṣe, àmọ́ plásítà la máa ń sáré wá kí a tó wo ojú ibẹ̀ dáadáa.

Kí n tètè là á: kròṣé irun kọ́ ni mò ń sọ. Bí ẹ bá dárúkọ kròṣé ní ọjà Pánṣẹ́kẹ̀, irun ni wọn yóò kọ́kọ́ rò. Èyí tá à ń fi òwú àti píìnì, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí ẹnu rẹ̀ ká bí ìwọ̀, hun ni mo ń wí, fìlà, báàgì, súwẹ́tà ọmọ tuntun àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onídìrí náà lè gbọ́ o, píìnì kì í mọ̀ bóyá irun ló ń fà tàbí òwú.

Ẹ jẹ́ ká ti ọjà àdìrẹ Ìtòkú bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń ta ìko mọ́ aṣọ fún àdìrẹ oníko. Wọ́n ní láti fa ìko náà le gan-an, torí bó bá dẹ̀, aró á wọ ibi tí wọ́n dì, ọnà á sì bàjẹ́. Nídìí tiwọn, fífà le ni iṣẹ́ gan-an. Tiwa yàtọ̀. Ojú òwú tẹ́ ẹ bá so le ní ìlà yìí ni píìnì yóò tún wọ̀ ní ìlà tó ń bọ̀, bó bá sì ti fún jù, ipá lẹ ó fi tì í wọlé, ipá lẹ ó fi fà á jáde. Àwọn ọmọ tó ti ń bá ìyá wọn di àdìrẹ láti kékeré ni èmi pẹ̀lú wọn máa ń fà á jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ wọn yá, ojú wọn ríran, àmọ́ wọ́n á so gbogbo ojú òwú bí ẹni pé aró ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Aṣọ tó fẹ̀ tó ojú 100, tó sì gùn tó ìlà 80, ojú 8,000 ló wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ single crochet, ìhun tí ojú rẹ̀ kúrú, lẹ fi hun ún, ẹ̀ẹ̀mejì ni píìnì máa fa òwú kọjá kí ojú kan tó parí: àkọ́kọ́ gba inú ojú ìlà ìsàlẹ̀, èkejì gba inú ojú méjì tó wà lórí píìnì. Fífà 16,000 nìyẹn. Ìnira kékeré tí ẹ ò kà sí, tó bá wà nínú fífà kan, ìgbà 16,000 ni ìka yín yóò jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ara fi máa ń tù yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń hun ṣéènì ìbẹ̀rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ máa ń dúró lé, tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá dé ìdajì ni ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Báwo la ṣe ń dẹ ọwọ́? “Dẹwọ́, dẹwọ́” tí àwọn ọ̀gá máa ń pariwo kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ wo píìnì yín. Ẹnu wà, ọrùn tín-ín-rín wà lẹ́yìn ẹnu, lẹ́yìn náà ni ara tó ki. Ara tó ki yẹn ni wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n kọ 4.0 mm sí i. Bí ojú òwú bá jókòó sórí ọrùn tẹ́ ẹ sì dì í mọ́ ibẹ̀, píìnì tó kéré sí 4 lẹ̀ ń lò láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan sún dé ara píìnì kẹ́ ẹ tó parí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fa òwú gba inú ojú ìsàlẹ̀ kọjá, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa ń fà á wálẹ̀ ni iṣẹ́ wọn máa ń le bí ẹní. Bó bá ṣì le, ẹ gòkè láti 3.5 sí 4.0, tàbí láti 4.0 sí 5.0. Àmọ́ bí píìnì bá ti tóbi sí i, aṣọ náà yóò tóbi sí i, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ hun èyí tó fẹ̀ ní 10 cm, tó gùn ní 10 cm, kẹ́ ẹ ka ojú rẹ̀, kí súwẹ́tà ọmọ oṣù mẹ́ta má baà di ti ọmọ ọdún kan.

Ní báyìí, ẹ na ọwọ́ yín síwájú kẹ́ ẹ wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún tó mú píìnì ni mo fi ń ṣàlàyé; ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Bó bá jẹ́ orí ìfábẹ̀lá tàbí orí ìka àárín ọwọ́ òsì ló ń dùn, ìka yẹn lẹ fi ń ti ẹnu píìnì padà kó lè jáde. Iṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn. Bí píìnì bá ti gbé òwú, ẹ yí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, yóò yọ́ jáde láìjẹ́ pé ẹ tì í. Àwọn píìnì onírin tí kò tó 2 mm, tí a fi ń hun òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí léèsì, ẹnu wọn mú, wọ́n á gún yín bí ọwọ́ yín tilẹ̀ dá. Ibẹ̀ ni plásítà ti wúlò, ẹ sì lo aláṣọ, torí onírọ́bà máa ń yọ̀. Irin tí àwọn tẹ́lọ̀ máa ń fi bọ ìka, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kì í jẹ́ kí ìka mọ òwú lára. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ rán ní ìwọ̀n orí ìka yín sàn jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá ni, tí ìlà pupa ti hàn síbẹ̀, òwú ló ń rẹ́ yín. Òwú kọ́tìn àti òwú ọ̀rá tí a fi ń hun báàgì burú jù wúlù lọ lórí èyí. Kẹ́ ẹ tó bá òwú jà, ẹ wo ibi tó ti ń wá. Òwú tó há sábẹ́ àga, tó jẹ́ pé ẹ ní láti já a gbà kó tó tẹ̀lé yín, ìka ló ń fà á, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ gbé e sínú ike tó jinlẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tú u sílẹ̀ kó tó apá kan kẹ́ ẹ tó máa hun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ìfábẹ̀lá nìkan dá gbé e: ẹ ká a mọ́ ìka ọmọńdinrín lẹ́ẹ̀kan, kó gba abẹ́ àwọn ìka àárín, kó tó gorí ìfábẹ̀lá. Ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, tẹ́ ẹ gé ní ìwọ̀n ìka, ó tó láti bo ojú ibẹ̀ títí yóò fi san.

Àtàǹpàkò ọ̀tún tó ń dùn ní tirẹ̀, píìnì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ohun tó bá tín-ín-rín, ọwọ́ á fún un mọ́ra láìbéèrè. Ẹ tún wo ojú pẹlẹbẹ tí àtàǹpàkò máa ń jókòó lé: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ máa ń ha awọ. Àwọn píìnì tó ní ìdí rọ́bà wà lọ́jà, owó wọn ju ti irin lásán lọ, wọ́n sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a, kó wé aṣọ mọ́ ìdí píìnì rẹ̀ kó fi òwú dì í (ibí yìí lẹ lè fà á le bí ará Ìtòkú), tàbí kó ra rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi bọ pẹ́ńsù. Bẹ́ ẹ bá ń mú un bí ẹni mú bírò, ẹ gbìyànjú àtimú un bí ẹni mú ọ̀bẹ fún ìlà díẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òfin. Ẹni tó mọ méjèèjì ló lè fún ìka kan nísinmi kí òmíràn máa ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tó wúwo, bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí itan tàbí tábìlì. Bó bá ń fì lórí píìnì, ọrùn ọwọ́ lẹ fi ń gbé e.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi òrí pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó sùn, torí ìka tó bá ti sán máa ń fa òwú tu. Ẹ má fi pa á kẹ́ ẹ tó jókòó ti òwú funfun o.

Òwú dúdú lálẹ́ ńkọ́? Èmi kì í hun ún, kò sì sí ẹni tó lè yí mi lọ́kàn padà. Bí iná bá lọ, tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù lẹ̀ ń lò, ojú ò ní rí ihò, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, á sì máa fún un mọ́ra. Bákan náà ni kròṣé inú ọkọ̀. Nínú rélùwéè láti Láderin lọ sí Èkó, ẹ lè hun dé ibi tó wù yín. Nínú bọ́ọ̀sì tó gba Ṣàngó, gbogbo ihò ojú ọ̀nà ni ọwọ́ yín máa fi ń di píìnì mú. Ẹ sùn jàre.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá oníbàárà dá ló wá kù, òun ló sì ń ba ìka jẹ́ ju gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí lọ. Ẹni tó mọ gbogbo ọgbọ́n ọwọ́, tó wá gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin pé òun á parí rẹ̀ lọ́la, ìka rẹ̀ á dùn ún dandan. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ wo aago kẹ́ ẹ hun ìlà kan. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 6. Ìlà 80 á gba ìṣẹ́jú 480, wákàtí 8 gbáko, láìka rírán pọ̀ àti fífi bọ́tìnnì sí i. Bó bá jẹ́ wákàtí 2 lójúmọ́ lẹ lè fi sílẹ̀ láìdá ọwọ́ lóró, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ìṣẹ́jú 30 ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi hun, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n na ìka, kí wọ́n gbọn ọwọ́ nù, kí wọ́n dìde lọ mumi. Ẹ tún lè ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, ọ̀kan tí píìnì rẹ̀ tóbi, ọ̀kan tó kéré, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ìka má baà wà lójú kan náà látàárọ̀.

Bí Ọdún Lísàbí bá ń bọ̀, tàbí Kérésì, ẹ ó rí wọn. Mọ̀mí kan á dé lọ́jọ́bọ̀ láti Ìbarà, ìnáwó di Sátidé, fìlà mẹ́fà ni wọ́n ń fẹ́, wọn á sì máa pè yín ní “ọmọ mi àtàtà”. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ ní, “Mọ̀mí, ẹ má bínú, méjì ni ọwọ́ mi lè ká kó tó di Sátidé. Mẹ́rin yòókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ẹ dárúkọ iye tí ẹ lè ṣe kẹ́ ẹ tó gba owó àsansílẹ̀, torí bí owó náà bá ti wọ àpò, ẹnu yín ò ní gbà á mọ́.

Ìrora kan wà tí píìnì tuntun ò lè wò. Iṣan ìmọ̀lára kan gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ sí àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka. Bí ọrùn ọwọ́ bá wú tó ń fún iṣan náà mọ́, àwọn ìka yẹn á máa kú, pàápàá lóru, ẹ ó jí, ẹ ó máa gbọn ọwọ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ó máa ń ṣe àwọn aláboyún àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ju ẹlòmíì lọ. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín ló ń kú, ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ yín, bóyá ẹ máa ń fi í ti apá àga tó le. Ìka tó bá ká, tí kò fẹ́ nà padà àfi kó dún kó tó nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrí. Bí ọ̀kankan nínú èyí bá ń ṣe yín, ẹ gbé píìnì jù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà. Ẹ mú píìnì àti òwú dání nínú báàgì. Dókítà tó bá bi yín pé irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ẹ má kàn ní “iṣẹ́ ọwọ́”. Ẹ hun ìlà kan lójú rẹ̀, kó rí bí ọrùn ọwọ́ yín ṣe ń yí.