Wẹ́dà ti dé

"Wẹ́dà ti dé o! Ẹ fi géètì hàn án."

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé sùn lánàá nìyẹn, òun náà ni mo bá jí láàárọ̀ yìí.

Ère lékeléke tí mo fi irin ṣe ni mo gbé lọ sí Bódìjà. Ìyá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Wọn ò tiẹ̀ wo ohun tí mo fi aṣọ wé, àpò irinṣẹ́ mi ni wọ́n rí, ni wọ́n bá kígbe sínú ilé. Híńjì géètì wọn ló já, wọ́n sì ti ń retí ẹni tó máa jó o.

Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn wọn. Bóyá ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n fẹ́ bú mi ni, mi ò bá ti gbàgbé.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń fi irin ṣe ère. Títí bàbá mi fi kú, "ọmọ mi tó ń jórin" ni wọ́n ń pè mí níwájú àlejò.

Ṣé irọ́ ni, àbí? Iná kan náà ni gbogbo wa ń lò, wẹ́dà àti àwa tó ń fi irin ṣe ère. Olu Amoda, ọmọ tí wọ́n bí ní Warri ní 1959, ìṣó tó wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń jó pọ̀ di òdòdó ńlá, òun àti ẹnì kan ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Dak'Art, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Dakar, ní 2014. Richard Hunt ní Chicago, tóun náà fi irin ṣe ère, fúnra rẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin. Ní 1971, Museum of Modern Art ní New York kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún aráyé wò. Mo máa ń rò ó bóyá ẹnì kan pe òun náà sí géètì rí.

Rárá o. Mò ń tan ara mi ni. Ó dùn mí.

Síbẹ̀ mo jó géètì náà. Mo fá ìpẹtà kúrò, mo fi gọ́gù bojú, mo tanná sí i. Nígbà tó ń tutù, èèpo dúdú orí rẹ̀ ká fúnra rẹ̀, ó já bọ́, mi ò fi òòlù kàn án rárá. Ojú irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán, ó tò bí ìpẹ́ ẹja. Mo dúró, mò ń wò ó. Inú mi dùn sí i bó ṣe dùn sí ọrùn ẹyẹ yẹn, ohun tó sì ń dà mí láàmú láti àná nìyẹn…

Ìyá ti géètì lọ, wọ́n fà á bọ̀, kò dún. "Ọwọ́ ẹ á máa ròkè." Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lékeléke.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n fi ìka tọ ọrùn rẹ̀ tí mo fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe, láti orí dé èjìká. Wọ́n tún padà tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Iná ò dé lónìí, irin ni mo ń ṣà látàárọ̀.

Mi ò kun ojú ibi tí mo jó yẹn. Bí òjò bá pa á, á dípẹtà. Màá padà lọ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ọ̀dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní kí n wá.