Ohùn Ta Nìyẹn?

Òjò kò jẹ́ kí n jáde lónìí. Nígbà tí iná dé lálẹ́, mo tún jókòó ti 20 Feet from Stardom, fíìmù tí Morgan Neville ṣe lọ́dún 2013 nípa àwọn elégbè. Màmá mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn mi, wọn kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, àfi ìgbà tí ó kan Merry Clayton, ọ̀kan nínú àwọn elégbè náà, tí ọwọ́ wọn dúró, tí wọ́n ní, "Ohùn ta nìyẹn?"

Ìbéèrè náà kò tíì kúrò létí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ìlù àti gìtá kúrò nínú "Gimme Shelter", orin tí Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1969, tí wọ́n fi ohùn obìnrin náà nìkan sílẹ̀. Òru ni wọ́n pè é ní Los Angeles, ó wà nínú oyún, rólà ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi dún lókè bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn, n kò sì béèrè ohun tí màmá mi béèrè lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Mo máa ń rò pé àṣírí ni mo ń wá nínú irú fíìmù báyìí, ta ni ó jẹ owó ta. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni. Darlene Love, elégbè mìíràn, ni ó fi ohùn rẹ̀ kọ "He's a Rebel" lọ́dún 1962, Phil Spector tí ó ṣe àwo náà sì fi orúkọ The Crystals, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin mìíràn, gbé e jáde. Orin náà gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láìsí orúkọ Darlene lára àwo. Nígbà tí ó yá, ilé onílé ni ó ń tún ṣe jẹun, ó sì ń fọ balùwẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ orin Kérésìmesì tirẹ̀ lórí rédíò. Mo pa fíìmù náà níbẹ̀. Mo tún tan án.

Ṣùgbọ́n Lisa Fischer, elégbè mìíràn nínú fíìmù náà, gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún orin tirẹ̀, ó sì padà sí ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ta wá ni mò ń bá bínú? Bí lílé bá dùn tó báwo, ègbè ni ó ń gbé e ró, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ jùjú tàbí fújì tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin 27 ni Fẹlá fẹ́ lọ́jọ́ kan lọ́dún 1978, akọrin àti oníjó rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Mo mọ ègbè wọn lórí láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí ní ohun tí màmá mi bi mí…

Mo dá màmá mi lóhùn pé Merry Clayton ni. Wọ́n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń kọ orin ẹgbẹ́ akọrin wọn àtijọ́ nílé ìdáná, apá ègbè nìkan. Wọn kò fẹnu kan lílé.