Ọjọ́ Tí Ọjà Wọlé Gan-an Ni Kí Ẹ Máa Kọ Sílẹ̀

Ẹ bi ẹni tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ pé ọjọ́ mélòó ni páálí fi ń dé, kíá ló máa dáhùn: "Ọjọ́ 10." Ẹ wá bi í pé ibo ló ti rí 10 yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìwé iye owó tí olùpèsè fi ránṣẹ́ ló ti kà á. Ìlérí lásán ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni wọ́n gbé iye ọjà tó yẹ kó wà nílẹ̀ kà, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá oníbàárà ṣàdéhùn. Ohun tí mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ń ra ọjà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa kọ ọjọ́ tí ọjà wọlé gan-an, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Iléeṣẹ́ kan ń lo páálí 60 lóòjọ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ó máa ń tó 75. Olùpèsè ní ọjọ́ 10. Ìwé fi hàn pé ní ìgbà mẹ́jọ tó kó ọjà wá kẹ́yìn, iye ọjọ́ tó gbà á nìyí: 9, 10, 10, 11, 12, 10, 16, 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Tí a bá pín in sí 8, ó di ọjọ́ 11. Ẹni tó gba ìlérí gbọ́ á ní 60 lọ́nà 10 jẹ́ 600, nítorí náà bí páálí bá ti ku 600, ká béèrè òmíràn. Nínú ìgbà mẹ́jọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni sítọ́ọ̀ rẹ̀ ì bá ṣófo: ọjọ́ kan nígbà tó gba 11, ọjọ́ méjì nígbà tó gba 12, ọjọ́ mẹ́fà gbáko nígbà tó gba 16.

Ọ̀nà tó rọrùn láti tún un ṣe ni pé kí ẹ mú iye páálí tí ẹ lò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, kí ẹ fi ọjọ́ tó pẹ́ jù sọ ọ́ di púpọ̀: 75 lọ́nà 16, ó di 1,200. Bí páálí bá ti ku 1,200, ẹ béèrè òmíràn. Nínú rẹ̀, 660 (60 lọ́nà 11) ni ẹ máa lò bí nǹkan bá lọ bó ṣe máa ń lọ. 540 tó kù ni ìpamọ́ fún ọjọ́ burúkú. Ìṣírò yìí máa ń mú ìpamọ́ pọ̀ díẹ̀, torí ó gbà pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù àti ọjà tó pẹ́ jù yóò pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àkọsílẹ̀ yín bá ti tó ọgbọ̀n, ẹ lè fi standard deviation (ìṣírò tó ń fi bí àwọn nọ́ńbà ṣe ń yàtọ̀ síra hàn) dín in kù. Ẹni tó ní ìgbà mẹ́jọ péré lọ́wọ́, ibi tó le yìí ni kó dúró sí.

Ẹ má sì fagi lé 16 yẹn torí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ ìsinmi ọdọọdún olùpèsè ni, yóò tún padà wá lásìkò kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà báyìí. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kó bébà fún òun náà ló já a kulẹ̀, ìyẹn ò ní ìgbà.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí à ń kà sí olùpèsè lọ́rùn, ọ́fíìsì wa ló jẹ ẹ́. Sítọ́ọ̀ kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé pé ọjà ń tán lọ. Máníjà buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Rú. Ẹ̀ka owó san àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí owó dé ọwọ́ olùpèsè ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Nítorí náà, ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ máa kọ fún ọjà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí sítọ́ọ̀ béèrè, ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè àti owó dé ọ̀dọ̀ olùpèsè, ọjọ́ tí ọjà dé ẹnu ọ̀nà, àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán tó dé orí pẹpẹ. Láti àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún ni kí ẹ kà. Ẹ tún bi olùpèsè bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni 10 tirẹ̀, torí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí kàlẹ́ńdà. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá lẹ fi ń ka páálí tí ẹ ń lò, òun náà ni kí ẹ fi ka ọjọ́ tí ọjà fi ń dé.

Fún ọjà tó ń gba orí omi kọjá, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i. Nínú òfin 11 tó wà nínú Incoterms 2020, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó ń sọ ojúṣe olùtajà àti olùrà, ẹ wo FOB (olùrà ló ń san owó ọkọ̀) àti CIF (olùtajà ló ń san owó ọkọ̀ àti adójútòfò). Nínú méjèèjì, bí olùtajà bá ti gbé ọjà sínú ọkọ̀ ní èbúté tó ti ń gbéra, ó ti jíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí pé olùtajà ló san owó ọkọ̀ àti adójútòfò nínú CIF, òun ló ni ọjọ́ tí ọjà máa gúnlẹ̀. Rárá o. Nígbà tí ọkọ̀ òkun Ever Given dí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì fún ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù kẹta ọdún 2021, ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lójú omi lábẹ́ àdéhùn méjèèjì yìí kò lè sọ pé olùtajà pẹ́. Ọjọ́ orí omi, ọjọ́ àwọn aṣọ́bodè àti ọjọ́ tí ẹ máa fi gbé kọ̀ntéénà kúrò ní èbúté, ẹ̀yin lẹ máa rò wọ́n mọ́ ọn.

Ó ku ẹnu ọ̀nà. Ìwé ìbéèrè yín, ìwé tí awakọ̀ mú wá àti ìwé owó gbọ́dọ̀ bára mu kí owó tó jáde. Ká ní ẹ béèrè 1,000, ìwé awakọ̀ ní 1,000, ẹ wá kà á, ó jẹ́ 960, omi sì ti rin 12 nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé awakọ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú: "A gba 960. 40 kò dé. 12 ti rin." Ẹ kọ aago àti orúkọ, kí awakọ̀ náà buwọ́ lù ú, kí ẹ ya fọ́tò àwọn tó rin kó tó lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí ìwé owó 1,000 bá dé lọ́sẹ̀ méjì sí i, ìwé tí ẹ buwọ́ lù láìkọ nǹkan kan sí i ló máa sọ yín di onígbèsè. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìyókù dé náà. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, olùpèsè tó kó ìdajì wá ní ọjọ́ 9, tó kó ìyókù wá ní ọjọ́ 20, á dà bí ẹni tó tètè dé nínú ìwé yín.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ká ní olùpèsè àkọ́kọ́ ń ta páálí ní 100, ẹnì kejì ń tà á ní 103, àmọ́ láàárín ọjọ́ 10 sí 11 ni ti ẹnì kejì máa ń dé nígbà gbogbo. Ìpamọ́ tiẹ̀ jẹ́ 825 (75 lọ́nà 11) dín 630 (60 lọ́nà 10.5), ìyẹn 195; ó fi 345 dín sí ti àkọ́kọ́. Ó máa ń wu èèyàn láti sáré sọ pé ẹnì kejì ló dára jù. Ẹ ṣírò ná. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 300, páálí 18,000 ni. 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 54,000. Páálí 345 tó jókòó sílẹ̀ jẹ́ 34,500, bí àyè, owó tó há àti ìbàjẹ́ bá sì jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ́dún, 8,625 ni. Olùpèsè àkọ́kọ́ ṣì dín owó. Ibi tí wàhálà wà ni kéèyàn gba owó 100 láìtọ́jú páálí 540 tó yẹ kó bá a rìn. Fún ohun tí kì í pẹ́ bàjẹ́, bíi gọ́ọ̀mù tó ní ọjọ́ ìparí, ìṣírò yìí lè yí padà.

Bí ọjà bá pẹ́, ẹ má fi ìbẹ̀rù béèrè ìlọ́po méjì. Ẹ ka èyí tó wà nílẹ̀, ẹ fi èyí tí ẹ ti béèrè tí kò tíì dé kún un, ẹ yọ èyí tí ẹ ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn kúrò; iye tó bá kù ni kí ẹ wò kí ẹ tó béèrè òmíràn. Iléeṣẹ́ Procter & Gamble rí i lórí Pampers: bí ọmọ ìkókó ṣe ń lò ó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, síbẹ̀ bí ìbéèrè ṣe ń ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì títí kan àwọn tó ń pèsè ohun èlò rẹ̀, ṣe ló ń fò sókè, tó ń já wálẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí ẹ béèrè, ẹ pe olùpèsè. Bí ẹ bá ní "Ṣé ó máa dé?", "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ. Ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bébà rẹ̀ ti wọlé? Ṣé ẹ ti gé e? Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa gbé e?" Bí bébà kò bá tíì wọlé, páálí 825 ó kéré tán (1,200 dín 75 lọ́nà 5) ṣì wà nílẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń lo 75 lójoojúmọ́, ọjọ́ 11 nìyẹn, olùpèsè kejì á sì ti lè kó díẹ̀ dé kó tó tán.