Ohun Tí Àìsùn Ìyá Àgbà Kọ́ Mi Nípa Kámẹ́rà Kékeré

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ háyà oní-fọ́tò fún àìsùn ìyá ìyá mi ní Ìlódè, n'Ílé-Ifẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni, ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa ti là. Mo ní kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tó ń wọ àpò ṣòkòtò, wọ́n kọ 16 megapixel gàdàgbà sí i lára, ìyẹn ni pé ojú kéékèèké mílíọ̀nù 16 ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Mo ti fi ya fọ́tò lọ́sàn-án níwájú ààfin, ó mọ́ rekete. Mo rò pé bó ṣe ṣe lọ́sàn-án náà ló máa ṣe lóru.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí NEPA fi mú iná wọn. Jẹnẹrétọ̀ tí a tàn kò gbé ju gílóòbù mẹ́ta lọ: ọ̀kan lókè orí àwọn akọrin, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń din àkàrà. Mo fara ti ògiri lẹ́yìn pátápátá kí n má baà dí àwọn àgbà lójú, mo wá fi súúmù fa ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń jó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ya fọ́tò 140.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú, a kó jọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èèyàn lo yà ni àbí iwin?" Gèlè wà, orí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ onílù di mẹ́fà.

Mo bínú sí kámẹ́rà náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó yẹ àlàyé tó máa ń kọ sí abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan wò. 1/8 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ wà ní ṣíṣí fún ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè mórí bọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó sí dùndún ti kúrò níbi tó wà kí ojú náà tó padé. Kámẹ́rà yìí ní ohun tó ń gba gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́ra, mo sì gbọ́kàn lé e. Ọwọ́ tèmi nìkan ló lè bá wí o, kò lè ní kí oníjó dúró.

Súúmù ló dùn mí jù. Wọ́n kọ 3.3–5.9 sí ẹnu lẹ́ńsì rẹ̀, mo rò pé nọ́ńbà ọjà lásán ni. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì ló ń sọ, nọ́ńbà tó kéré ni ihò tó tóbi. Bí ẹ kò bá fa súúmù, ihò ìmọ́lẹ̀ á ṣí dé f/3.3, bí ẹ bá fà á dópin, f/5.9 ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò sì ní pé ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Nínú òkùnkùn biribiri, èmi ni mo tún ń fọwọ́ ara mi dí ihò! Kámẹ́rà wá gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń bu ìmọ́lẹ̀ kékeré tó rí gbà kún, lọ sí 1600 kó lè rí nǹkan yà, ni aṣọ funfun àwọn akọrin bá rí bí ìgbà tí wọ́n da gààrí sí i lára.

Ẹyọ kan ló mọ́ tónítóní: ìyàwó àbúrò ìyá mi nídìí àkàrà. Gílóòbù wà lókè orí wọn, iná igi ń tàn sí wọn lágbọ̀n, mo sì sún mọ́ wọn tó mítà kan nítorí àkàrà ni mo wá gbà. Wọ́n gbé ojú sókè wò mí, ṣíbí oníhò dúró lọ́wọ́ wọn, epo ń kán. Èèyàn lè ka òógùn iwájú orí wọn.

Ní ti megapixel, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tà yín. Sẹ́ńsọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú irú kámẹ́rà tèmi fẹ̀ ní bíi mìlímítà 6.2, ó ga ní 4.6. Kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ibẹ̀ ni wọ́n há ojú mílíọ̀nù 16 sí, kí ló máa kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú iná gílóòbù? Canon G10 ti ọdún 2008 ní megapixel 14.7, nígbà tí wọ́n ṣe G11 lọ́dún tó tẹ̀lé e, 10 ni wọ́n já a wá sí. Bí owó bá wà, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ íńṣì kan, bíi Sony RX100 tó jáde ní 2012. Orúkọ lásán ni íńṣì yẹn, mìlímítà 13.2 sí 8.8 ni, ṣùgbọ́n ó tó ìlọ́po mẹ́rin tèmi, ihò rẹ̀ sì ń ṣí dé f/1.8 bí ẹ kò bá fa súúmù.

Fláàṣì ńkọ́? Mo tàn án. Bí ẹ bá jìnnà sí èèyàn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa dé ara rẹ̀, èmi sì wà ní bíi mítà mẹ́jọ. Ẹ̀yìn orí àwọn tó jókòó níwájú mi funfun bí ẹfun, oníjó dúdú. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ tó ń fò lẹ́bàá lẹ́ńsì, tí fláàṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbá, gba ìmọ́lẹ̀ ní àgbàjù. Ó sún mọ́ lẹ́ńsì ju ibi tó ti lè ríran dáadáa lọ, ló bá di òbìrípo funfun mọ́kànlá tó léfòó lókè ibi tí a gbé fọ́tò ìyá àgbà sí.

Gílóòbù ni mo kọ́kọ́ ń wá báyìí kí n tó wá èèyàn. Mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo máa ń sún mọ́, n kì í fa súúmù. Mo ti fi ISO 800 ṣe òpin. Bí ẹbí bá tò fún fọ́tò, mo máa ń gbé kámẹ́rà lé orí àga, mo máa ń jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ìka mi má baà gbọ̀n ọ́n. Oníjó ní tiẹ̀, mo máa ń ṣọ́ ìgbà tí ìlù bá dá, tó bá na ọwọ́ sókè tí ara rẹ̀ dúró díẹ̀. Mẹ́fà ni mo ń yà kí n tó rí ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò mú ti alákàrà o. Èyí tó ní òbìrípo funfun ni wọ́n ní kí n lọ fọ̀ ní ńlá, ó wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn dòní. Wọ́n ní ìyá àwọn ló wá wo àwọn tó wá ṣe àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣàlàyé eruku ọyẹ́ fún wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, eruku ni. Wá jẹun."