2018: Ọdún tí Ẹnikẹ́ni Ò Kí Wa

Ilẹ̀ pálọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nítorí a ò tíì ra àga. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ka ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, àfi lọ́dún tó kọjá. Ibo ni n bá ti kọ ọ́? Inú yàrá kan ṣoṣo ni àwa márààrún wà, nílé màmá kan nínú ìjọ wa níbí ní Houston.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2017 ni ìjì Harvey já lu etíkun Texas nítòsí Rockport, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa. Kì í ṣe atẹ́gùn rẹ̀ ló ṣe wá ní jàǹbá. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó kọ̀, kò lọ, òjò ló ń rọ̀ tọ̀sán tòru. Ní Nederland, lápá ìlà-oòrùn wa, òjò tí wọ́n wọ̀n lé ní ínṣì 60.

Síbẹ̀, òjò ti dá kí omi tó wọlé wa. Ohun tí mi ò tíì lè ṣàlàyé yé ẹnikẹ́ni nílé nìyẹn. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ 30, oòrùn yọ, ọkọ mi ti ń dúpẹ́ pé ó yọ wá sílẹ̀, ni omi bá ń yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ̀ bí olè. Ẹ̀yìn ìsédò Addicks ni ilé wa wà. Lẹ́yìn omíyalé 1929 àti 1935 ni wọ́n ṣe òun àti Barker, ìsédò kejì rẹ̀, kí omi má bàa gba àárín ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ẹ ò ní bá omi kankan níbẹ̀. Igbó ni, pápá ni, ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ta ni yóò wo pápá bọ́ọ̀lù tí yóò pè é ní adágún? Nígbà tó kún, ọ̀dọ̀ wa ló kún wá. Máàpù ò sì ka àdúgbò wa mọ́ ibi tí omi ti ń yalé, torí náà a ò ra adójútòfò omi.

Màmá mi pè láti Ìbàdàn. Ojú wọn ni Ògùnpa ṣe ya lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Wọ́n ní, "Àbí Ògùnpa náà ló tún tẹ̀ lé ọ dé Amẹ́ríkà ni?"

Lóṣù yẹn, "ẹ kú ewu" kún etí wa. Ìrẹsì ń wọlé ní kúlà kúlà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá fi òòlù wó ògiri (páálí ni wọ́n fi ń ṣe ògiri níbí, tó bá ti mu omi, bíbu ló kù), títí tí ilé fi ku egungun igi. Aró ẹtù ìyá ìyá mi ti ràn mọ́ gbogbo aṣọ tó bá a wà nínú àpótí.

Nígbà tí 2018 wọlé, ìkíni tán. Ọdún náà gan-an ló le jù. Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ gba àsansílẹ̀, ó kó páálí mẹ́wàá wá, fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Owó ìrànwọ́ ò tó, a yáwó. Mo ń ṣiṣẹ́ òru lé ti ọ̀sán. Yorùbá tó ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń ṣe fàájì, mo wá èyí tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ń dúró kí igi ilé rẹ̀ gbẹ, mi ò rí. "Ẹ kú àtijọ́" ni wọ́n ń kí mi lóde ìnáwó.

Lóṣù Kẹrin, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé yọ orúkọ Harvey kúrò nínú ìwé, kí ìjì mìíràn má bàa jẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀rín pa mí. Àwa a máa fi orúkọ bẹ àbíkú kó má lọ. Àwọn gba orúkọ lọ́wọ́ tiwọn kó má padà wá.

Lóṣù Kẹfà la padà wọlé. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ọdún kan géérégé, wọ́n ní ká dìbò bóyá kí Harris County, ìjọba ìbílẹ̀ wa, yá bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti fi dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ omi. Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti bọ́ síbẹ̀, mo dìbò bẹ́ẹ̀ ni, àbá náà sì wọlé. Owó orí ilé á lé sí i, mo mọ̀. Àbíkẹ́yìn mi ṣì ń gbé bàtà rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí òjò bá ti ṣú.

Sátidé tó kọjá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá tó gbà wá sílé ni, wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ dání. Wọn ò tíì wọlé tí wọ́n fi ké: "Ẹ kú ilé o!"

Ẹnu mi ò gbé e. Ọkọ mi ló dáhùn láti kíṣìnnì pé, "Ẹ kú àbọ̀, mà." Mo gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn, a sì tẹ́ ẹní fún wọn.