Ewédú nínú ike l'Abẹ́òkúta: títí dé ìgbà tó hù

Irúgbìn

Amúgbádù la kọ́kọ́ gbìn, ewédú eléwé gbàǹgbà. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ eérú, ó sì ní igun. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Kútọ̀ sábà máa ń ní ìyàngbò nínú, nítorí náà a fẹ́ ẹ, a dà á sómi tútù, a sì da èyí tó léfòó nù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbin ewédú, wọ́n á bomi rin ín títí, kò ní hù, wọ́n á wá ní ilẹ̀ ò dáa. Ilẹ̀ kọ́. Èèpo ewédú le gan-an, omi kì í ráyè wọ̀ ọ́. Bí omi ò bá sì wọlé, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ò ní jí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń ki irúgbìn yìí bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó gbìn ín.

Omi gbígbóná

Ṣíbí tíì kan la dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ò dì í pinpin, kí hóró lè máa yí nínú rẹ̀. Bí ó bá há, ooru ò ní dé ti àárín. Nígbà tí omi hó, a sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná, a ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, a ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a yọ ọ́, ó di inú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi sórí iná kó máa hó o: ooru tó pọ̀ jù á pa ọlẹ̀. Lẹ́yìn náà a sá a síbi òjìji lórí ìwé ìròyìn títí tí hóró kò fi lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́.

Gbígbìn

Ike tí a lu ihò sí nídìí, ilẹ̀dú ìdá méjì, iyanrìn odò ìdá kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ní ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. A po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa ṣù síbì kan, a fọ́n ọn, a fi erùpẹ̀ tín-ín-rín bò ó, kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Agolo tí a dá ihò sí ni ká fi wọ́n omi. Bí a bá dà á gbàà, irúgbìn á wọ́ lọ sí etí ike. A wọ́n eérú yí ìdí ike ká nítorí èèrà, torí wọ́n máa ń kó hóró lọ.

Ó hù

Ní ọjọ́ kẹta ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọrùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, á wá nà, á gbé èèpo dúdú náà lórí. Ẹ má fọwọ́ yọ èèpo yẹn, ewé méjì àkọ́kọ́ lè já pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kàn wọ́n omi díẹ̀ sí i, á bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ike yìí ti kún. Èyí tí a gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfi omi gbígbóná kàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yọ, ó sì jìnnà síra.

Bí ìdí ọ̀gbìn kékeré bá rọ̀ tó sì wó lulẹ̀, omi ti pọ̀ jù, àwọn ọ̀gbìn náà sì há mọ́ra jù. Àárọ̀ nìkan là ń bomi rin ín báyìí. Tó bá yọ ewé mẹ́ta, a ó dín in kù, a ó fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sílẹ̀, a ó sì lọ́ ìyókù sí ebè nírọ̀lẹ́.

Oníyàyà, oríṣi ewédú mìíràn, ló kàn, ní oṣù Kẹrin yìí kan náà. Bí a bá fi í di oṣù Kọkànlá, ojúmọmọ á ti kúrú, á sì tètè yọ òdòdó kí ewé rẹ̀ tó pọ̀.